Ọdún Tí Wọ́n Fún Wa Láyè Láti Béèrè

Kí ọmọ ọdún méjìlá dúró níwájú àgbàlagbà kó ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?", ọ̀rọ̀ tó lè fa ìgbátí ni ní Apakun, ládùúgbò Òṣòdì ní Èkó, nígbà tí à ń dàgbà. Nílé, wọ́n á ní ẹnu ọmọ náà ti mú jù. Ní kíláàsì, wọ́n á ní kó kúnlẹ̀ kó nawọ́ sókè. A lè béèrè ọ̀nà, a lè béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò gaàrí, ṣùgbọ́n ká béèrè ìdí abájọ lọ́wọ́ àgbà, àrífín gbáà ni. Nítorí èyí, bí mo bá ń ṣírò oore tí ilé ẹ̀kọ́ ṣe fún mi, ẹgbẹ́ JETS ni mo máa ń fi ṣáájú.

Ẹni tó bá ka ìwé girama ní Nàìjíríà nígbà náà kò ní ṣàìmọ JETS. Junior Engineers, Technicians and Scientists ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún: ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di ẹnjiníà, oníṣẹ́ ẹ̀rọ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́jọ́ iwájú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ẹ̀kọ́ bá parí, kálukú á gba ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ. Àwọn kan á lọ sí Red Cross, àwọn kan á lọ máa jiyàn ní ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn, àwọn Man O' War á máa yan káàkiri pápá. Àwa JETS á wọ yàrá sáyẹ́ǹsì lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn ilé ẹ̀kọ́ á kó ara wọn jọ fún ìdíje: apá kan jẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn, apá kejì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ fúnra yín ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ wa wà lára àwọn tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, kọ́ láàrin 1979 sí 1983. Ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ Èkó lè máa lọ síléèwé láàárọ̀, kí ó má jẹ́ pé àwọn kan ń jáde kí àwọn mìíràn tó wọlé lọ́sàn-án. Kíákíá ló kọ́ wọn, owó táṣẹ́rẹ́ ló sì fi kọ́ wọn: ilé gbọọrọ, ògiri tí kò dé òkè, páànù lórí. Àwọn alátakò rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìẹ ni. Bí bàálù bá ń bọ̀ wá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, olùkọ́ á dákẹ́ láàrin ọ̀rọ̀, àwa náà á gbé bírò wa dúró, títí ariwo náà á fi kọjá lórí páànù. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ síi sọ̀rọ̀ padà láti ibi tó dé.

Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ló bí kíláàsì tí a wà. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, èyí tí à ń pè ní JSS, kálukú gbọ́dọ̀ ka Integrated Science àti Intro Tech nígbà náà. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún Intro Tech, ó pín in káàkiri. Ní ọ̀pọ̀ ibi, inú àpótí tí wọ́n kó o dé náà ló wà, nítorí kò sí iná tó máa gbé e, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Ti ilé ẹ̀kọ́ wa wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀, ewúrẹ́ a sì máa sùn sórí rẹ̀ bí oòrùn bá mú.

Ní 1991, nígbà tí mo wọ JSS 2, agùnbánirọ̀ kan dé láti apá Oǹdó, wọ́n sì ní kó máa kọ́ wa ní Integrated Science. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, pàṣán kì í sì í sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi sọ pé òun fẹ́ jí JETS dìde, òun sì fẹ́ yan àwọn tó máa ṣojú ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo wa rò pé àwọn tó ń gba ipò kìn-ín-ní ni yóò mú.

Ohun tó ṣe ni pé ó da omi sínú àwo kan, ó gbé àbẹ́là kan sáàrin rẹ̀, ó ṣáná sí i, ó wá fi ife onígíláàsì dé e lórí. Iná náà jó díẹ̀, ó rẹ̀wẹ̀sì, ó kú. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni omi inú àwo bẹ̀rẹ̀ síi gòkè nínú ife. Ó ní, "Ẹ mú ìwé jáde. Mi ò fẹ́ ìdáhùn. Ẹ kọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn yín." Ọmọ tó máa ń gba ipò kìn-ín-ní ní kíláàsì wa jókòó, ó ń wo ojú olùkọ́, ó ń retí kí ó pe nóòtì. Èmi kọ pé kí ló dé tí omi kò gòkè nígbà tí iná ń jó, àfi ìgbà tó kú. Ọmọbìnrin kan láti Màfólúkù kọ ìbéèrè kún ojú ìwé méjèèjì. Bí wọ́n ṣe mú wa nìyẹn, pẹ̀lú àwọn mélòó kan mìíràn.

Nígbà tí a jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a ti lọ ka ìdáhùn wá. A ní iná ló jẹ ọ́síjìn tó wà nínú ife tán, omi wá gba ààyè rẹ̀. Kò bá wa jiyàn. Ó to àbẹ́là mẹ́ta sínú àwo, ó fi ife kan náà dé e. Omi gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ó ní, "Ṣé ọ́síjìn inú ife ti pọ̀ sí i ni?" Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó rí i pé ooru ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀: ó mú kí atẹ́gùn fẹ̀, òmíràn sá jáde, ìgbà tí iná kú tí èyí tó kù tutù, ó súnkì, omi wọlé. Àbẹ́là mẹ́ta, ooru mẹ́ta. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ohun tó wà nínú ìwé tún ṣeé bi léèrè.

Ti ìdíje ìbéèrè yàtọ̀ sí èyí, olùkọ́ wa kò sì fi pa mọ́ fún wa. Agogo ni wọ́n ń lù níbẹ̀, agogo kì í sì í dúró de ẹni tó ń ronú. A há a sórí: Alexander Fleming, pẹnisílìn, 1928. Michael Faraday, 1831. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 300,000. Na ni àmì sódíọ̀mù, K ni ti pòtáṣíọ̀mù, má ṣe bi mí pé kí ló dé. Bí a bá ń lọ sílé láti ọ̀nà pápákọ̀, a ó máa bi ara wa títí a ó fi yà sí àdúgbò kálukú. Ọmọ Màfólúkù yẹn máa ń dáhùn kí ìbéèrè tó parí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni olùkọ́ wa fọkàn sí. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní ohun èlò tí àwọn iléèwé ńlá ní, ṣùgbọ́n kò sí iléèwé tí yàrá sáyẹ́ǹsì rẹ̀ tó Òṣòdì. Ó kọ lẹ́tà kan, ó gba òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ sí i, ó dà á kọ sí Yorùbá lẹ́yìn rẹ̀: kí ẹni tó bá rí i jọ̀ọ́ dá àwọn ọmọ wọ̀nyí lóhùn, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́, wọn kò wá ṣe òfófó. Ó kó o lé wa lọ́wọ́, ó ní ká lọ bi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìdí iṣẹ́ wọn, ká sì kọ ọ́ wá.

Ọ̀dọ̀ bàbá tó ń gbé iná sí bátìrì ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ ti lu jákujàku nítorí áásìdì. A kí i, a dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin wa kúnlẹ̀, a na lẹ́tà sí i. Kò kà á. Òǹtẹ̀ náà ló wò.

"Ẹ̀yin ọmọ ìwé, kí lẹ fẹ́ mọ̀?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé iná ti kún inú bátìrì?"

Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó wá nawọ́ mú ohun kan tó fi kọ́ sára òpó. Ọ̀pá gíláàsì ni, rọ́bà rọ́gbọ́dọ́ kan wà lókè rẹ̀, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀. Ó ṣí ìdérí bátìrì kan. Ihò mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ó ti ẹnu ọ̀pá náà bọ ihò kìn-ín-ní, ó tẹ rọ́bà náà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, omi inú bátìrì sì fà wọ inú gíláàsì. Nínú gíláàsì yẹn ni nǹkan kékeré kan wà tó ń léfòó, ó ní àwọ̀ pupa, funfun àti àwọ̀ ewé lára. Ó ní, "Bó bá léfòó dé orí àwọ̀ ewé, ó ti yó. Bó bá rì dé pupa, ebi ń pa á." Ó fà á lẹ́yọ̀ọ̀kan láti inú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Márùn-ún yó. Ti ìkẹfà rì. Ó ní, "Ẹni yìí ló ń ba ti àwọn yòókù jẹ́."

Ọmọ Màfólúkù bi í pé kí ló dé tí nǹkan náà fi ń rì. Bàbá ní omi rẹ̀ ti fúyẹ́. A ní kí ló mú un fúyẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Áásìdì ti sá wọ inú irin. Iná tí mò ń fún un yìí ló máa lé e jáde padà."

Bàbá yìí kò kà ju ìwé mẹ́ta lọ. Ohun tó sọ yẹn ni a wá bá nínú ìwé olùkọ́ wa: bí bátìrì bá ń ṣiṣẹ́, áásìdì ń bá òjé inú rẹ̀ dàpọ̀, ohun tó kù ń dà bí omi lásán; bí a bá gbé iná sí i, áásìdì á tún padà sínú omi. Ihò mẹ́fà, nǹkan bí fóltì méjì méjì, ló di méjìlá tí ọkọ̀ ń lò. Bàbá náà kò mọ orúkọ tí ìwé fún ọ̀pá gíláàsì yẹn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹni tó kọ ìwé náà lọ.

Láti ibẹ̀ a lọ bá fọganáísà, ẹni tó ń ri túùbù sínú omi láti rí ibi tí ó ti ń jò, tó sì ń fi písítìn ẹ̀rọ ọkọ̀ tó ti gbó jó epo díẹ̀ lórí àlẹ̀mọ́ rọ́bà. A bi í pé kí ló dé tí kò kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó ní ohun tí kò rí ooru kò lè di ara kan. Olùkọ́ wa gbọ́, ó sọ ìtàn Charles Goodyear fún wa, ará Amẹ́ríkà tó rí i ní 1839 pé bí a bá po imí ọjọ́ mọ́ rọ́bà tí a sì fi ooru sí i, kò ní rọ̀ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní gan nínú òtútù. Àwa ti rí ọ̀nà yìí lójú títì Apakun kí a tó gbọ́ orúkọ Goodyear.

Ọ̀rọ̀ èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa a máa san owó ìtanràn. Níta, àwọn àgbà wọ̀nyí kò ní gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu wa. Nítorí náà, Yorùbá ni a fi béèrè, Yorùbá ni a fi lóye, lẹ́yìn náà ni a ń wá Gẹ̀ẹ́sì tó máa gbé e. Agùnbánirọ̀ wa ló sọ fún wa pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Fáfúnwá yìí ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lásìkò tí à ń san owó ìtanràn.

Nígbà tó tó àkókò láti yan iṣẹ́ tí a máa gbé lọ sí ìdíje, a ní a fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin. A kan àpótí pákó olójú méjì, a ki èérún pákó sáàrin ògiri rẹ̀ kí ooru má baà jáde. A fi gílóòbù kan sínú rẹ̀. Nítorí pé NEPA a máa mú iná lọ, a ṣe àyè sísàlẹ̀ fún àtùpà. A gbé abọ́ omi sí i kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má baà gbẹ jù. Ìwọ̀n ooru tó yẹ wà láàrin 37 sí 38 lórí tẹmọ́mítà, ọjọ́ mọ́kànlélógún sì ni ẹyin adìẹ ń lò.

A kó owó jọ, a lọ ra ẹyin ní Òṣòdì. Ìyá tó ń tà á bi wá pé ṣé a fẹ́ ṣe àríyá ni. A ní rárá mà, a fẹ́ pa á. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbáyà mú.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹyin yìí ò ní bàbá."

Kò yé wa. Ó wá là á fún wa pé adìẹ àgíríìkì tó yé ẹyin wọ̀nyẹn kò fojú kan àkùkọ rí láyé rẹ̀. Bí a tilẹ̀ gbé e sínú ooru di ọdún tó ń bọ̀, jíjẹ ni yóò wà fún. Ó júwe ìyá kan fún wa ní Màfólúkù tó ń sin adìẹ ìbílẹ̀, àkùkọ ńlá kan sì wà láàrin wọn. Ibẹ̀ la ti ra tiwa. Ìyá yẹn tún fi ti ẹ̀ kún un: adìẹ tó bá sàba máa ń yí ẹyin rẹ̀ padà lọ́sàn-án lóru, bí ẹ kò bá yí i, ọmọ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo. A fi pẹ́ńsù kọ àmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹyin kọ̀ọ̀kan, a sì ń yí i láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́.

Mẹ́gáàdì ilé ẹ̀kọ́ ló ń ṣọ́ ọ lóru. Kò mọ nọ́ńbà kà, nítorí náà a fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí tẹmọ́mítà lójú méjì. Bí ìlà náà bá fẹ́ kọjá ti òkè, yóò rẹ òwú àtùpà sílẹ̀. Bó bá fẹ́ jábọ́ sísàlẹ̀ ti ìsàlẹ̀, yóò gbé e sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé yàrá sáyẹ́ǹsì, a ká páálí yí ẹnu tọ́ọ̀ṣì, a gbé ẹyin kan lé e lórí. Èèpo náà mọ́lẹ̀ rokoṣo. Nínú rẹ̀, a rí iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà káàkiri, àti ohun dúdú kékeré kan láàrin wọn. Olùkọ́ wa ní ká dákẹ́, ká wò ó dáadáa. Ohun dúdú náà mira. Ọmọbìnrin Màfólúkù tó máa ń dáhùn kí ìbéèrè tó parí kò rí nǹkan kan sọ.

Nígbà tí òròmọdìẹ bẹ̀rẹ̀ síi jáde, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ wá wò ó. Ó wo àpótí, ó wo òrùlé páànù lókè orí wa, ó ní àwọn alátakò Jakande kò kúkú parọ́, ilé adìẹ ni lóòótọ́.

Yábàá ni ìdíje ti wáyé. Mọ́lúè ni a wọ̀ láti Òṣòdì, àpótí wa lórí ẹsẹ̀, òròmọdìẹ ń ké nínú rẹ̀. Kọ̀ǹdọ́ ní àwọn tó ń ké yẹn náà gbọ́dọ̀ sanwó, nítorí wọ́n gba ibi ìjókòó. Àwọn èrò bá wa bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, a rí ohun tí àwọn iléèwé ńlá gbé wá: pátákó tí wọ́n kun lọ́dà, òkè tó ń yọ èéfín, iná tó ń tàn tó ń kú fúnra rẹ̀. Nínú ìdíje ìbéèrè, wọ́n fi agogo gbá wa dànù láàárọ̀ kùtù. A kò rí ìgbà sunkún, nítorí àwọn adájọ́ ti ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ ọwọ́.

Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin onígíláàsì, bi wá pé ìwé wo ni a ti ka gbogbo èyí. Ọmọ Màfólúkù ní, "A béèrè ni, sà." Ó ní lọ́wọ́ ta ni. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ síi kà wọ́n: ìyá ẹlẹ́yin, ìyá alákùkọ, mẹ́gáàdì, káfíńtà tó bá wa gé pákó. Àwọn tó wà ní tábìlì kejì ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún bi wá pé báwo ni a ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni ìyá ẹlẹ́yin sọ. A ní a gbé ẹyin àgíríìkì díẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú ti ìbílẹ̀, a sì ta tọ́ọ̀ṣì sí wọn. Iṣan kankan kò sí nínú wọn. Ipò kejì ni wọ́n fún wa.

Ọdún agùnbánirọ̀ wa parí, ó lọ. Ní 1993, wọ́n fagi lé ìdìbò June 12, ìlú gbóná, ilé ẹ̀kọ́ ń ṣí ó ń tì. JETS ilé ẹ̀kọ́ wa kú láìsí ẹni tó kéde ikú rẹ̀. Ní January 2009, ìjọba Gómìnà Fashola kó àwọn ìsọ̀ kúrò lójú títì Òṣòdì. Ní April 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a bi léèrè ti kó lọ sí ibòmíràn kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ìdíje kò tíì tán ní Nàìjíríà. Láti 1998 ni ti ìṣirò Cowbell ti ń kó ọmọ girama jọ, àwọn ọmọ kan ní Èkó sì ń to róbọ́ọ̀tì báyìí. Ọdún Fleming tí a fi ọ̀sẹ̀ há sórí, fóònù á sọ ọ́ fún ọmọ kí ó tó ṣẹ́jú. Síbẹ̀, bí òbí bá sọ fún mi pé wọ́n mú ọmọ òun sínú ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì tó sì ń wá ìbéèrè àtijọ́ rà, mo máa ń ní kó rà á, nítorí agogo ni agogo. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi í bóyá olùkọ́ ọmọ náà lè kọ lẹ́tà, kí ó sì gba òǹtẹ̀ sí i. Nínú gbogbo àwọn àgbà tí a dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, kò sí èyí tó pè é ní àrífín. Bàbá oníbátìrì tilẹ̀ ránṣẹ́ pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti wá jókòó gbọ́ ohun tó ń sọ fún wa. Ó ní ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ òun fún ọdún méjì, kò tíì bi òun ní nǹkan kan rí.